Yanrìn Kò Sí Nínú Ìwé

Kí n tó sọ bí Ọ̀gá Àgbà ilé-iṣẹ́ omi ṣe di ẹni tó ń jókòó sẹ́nu géètì, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe máa ń wọ ọ́fíìsì nígbà tí ayé ṣì ń ṣe tirẹ̀.

Aago mẹ́jọ ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ni Ọ̀gá ń dé, nítorí ó ní ẹni tó bá ń tètè dé ibi iṣẹ́, iṣẹ́ ló ń wá. Akọ̀wé rẹ̀ á ti dúró sí ìdí àtẹ̀gùn. Á gba báàgì, á gba ìwé ìròyìn, á gba gíláàsì ojú, á sì máa tẹ̀ lé e bí ẹni ru ẹrù ìyàwó. Gbogbo òṣìṣẹ́ tó bá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ́dọ̀ dìde. Àwọn tó bá ti wà lórí ìdúró tẹ́lẹ̀ á yára jókòó, kí wọ́n lè rí ibi tí wọn ó ti dìde.

Ọkùnrin náà kò sanra púpọ̀ lára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ sanra. Tí ooru bá mú un, kì í ní kí wọ́n ṣí fèrèsé. Ohun tó máa ń wí ni pé, "Mo pa á láṣẹ pé kí fèrèsé yìí yọ̀ǹda afẹ́fẹ́ fún ọ́fíìsì mi." Akọ̀wé á sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó tó ṣí fèrèsé. Ẹ̀yin òǹkàwé, irú wọn kò jìnnà sí yín, ẹ má ṣe bí ẹni pé ẹ kò mọ̀ wọ́n.

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ ni páǹpù tuntun mẹ́ta tó dé láti ilẹ̀ òkèèrè nínú àpótí pákó gbàǹgbà-gbàǹgbà. Páǹpù àtijọ́ ti gbó, omi kì í gun òkè dé àjà kejì ilé mọ́. Àwọn tó ṣe é kọ̀wé pé ẹnjiníà kan ń bọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta láti wá yẹ ibẹ̀ wò kí wọ́n tó tan àwọn ẹ̀rọ náà, àti pé ẹnjiníà ọ̀hún kò gbọ́ èdè kankan ju èdè ilẹ̀ rẹ̀ lọ. Mínísítà pe ìpàdé, ó ní kí wọ́n wá ògbufọ̀. Ibẹ̀ ni Ọ̀gá ti nàró.

"Ọlọ́lá jùlọ," ni ó wí, "kí la fẹ́ fi ògbufọ̀ ṣe? Ṣé èmi ni wọn yóò máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún bí ọmọ ọwọ́? Èdè yẹn kò jọ mí lójú rárá. Oṣù mẹ́ta tilẹ̀ ti pọ̀ jù. N ó fi oṣù méjì gbọ́ ọ, n ó fi oṣù kẹta sinmi."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mínísítà pàápàá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fa ọ̀rọ̀ ògbufọ̀ kúrò nínú ìwé rẹ̀. Bí Ọ̀gá ṣe fi ẹnu ara rẹ̀ ko wàhálà nìyẹn, láìsí ẹni tó fi ipá mú un.

Wọ́n gba olùkọ́ kan, obìnrin jẹ́jẹ́ tó ti gbé ilẹ̀ àwọn oníṣẹ́ páǹpù náà rí fún ọdún mẹ́fà. Ó kó ìwé wá pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀kọ́ méjìlá ló wà nínú rẹ̀. Nínú Ẹ̀kọ́ Kìíní, obìnrin kan pàdé ọkùnrin kan lójú pópó, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ọ̀gbẹ́ni, ṣé dáadáa lẹ wà?" Kásẹ́ẹ̀tì á dákẹ́ díẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè dáhùn. Ìdáhùn wà lójú ìwé: dáadáa ni òun wà, ojú ọjọ́ dára, àǹtí òun sì ní agboòrùn aláwọ̀ búlúù. Títí di òní, kò sí ẹni tó mọ ohun tó gbé agboòrùn àǹtí débẹ̀. Ẹ̀kọ́ Kẹrin wà nílé oúnjẹ, níbi tí àlejò kan ti ń gba gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé fún un. "Bẹ́ẹ̀ ni, tayọ̀tayọ̀." "Ó dùn gan-an, ẹ ṣeun." "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bù sí i."

Ọ̀gá kò kọ́ èdè náà o. Àkọ́sórí ló kọ́ ọ. Ó há gbogbo ìwé náà sórí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìbéèrè àti ìdáhùn, títí kan ibi tí ọkùnrin inú kásẹ́ẹ̀tì ti wúkọ́ ní Ẹ̀kọ́ Keje. Ó ń kà á nínú mọ́tò, ó ń kà á nílé ìwẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fara dà á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó wá bi í lórí oúnjẹ àárọ̀ pé, "Ọkọ mi, ẹ má bínú o. Obìnrin wo ló ni agboòrùn tí ẹ ń pariwo rẹ̀ nílé ìwẹ̀ yìí?"

"Àǹtí mi ni."

"Àǹtí yín wo? Gbogbo wọn ni mo mọ̀. Kò sí èyí tó ní agboòrùn nínú wọn."

Ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ ìmọ̀ kò yé obìnrin. Ìyàwó rẹ̀ kó abọ́ kúrò níwájú rẹ̀ kó tó jẹun tán.

Ní ìparí oṣù kìíní, Olùkọ́ ṣe ìdánwò. Kò béèrè ohun tó wà lójú ìwé, ó yí ìbéèrè padà díẹ̀. Ó ní kí Ọ̀gá kọ ohun tí ó rí láti ojú fèrèsé. Ọ̀gá kọ ọ̀rọ̀ àǹtí síbẹ̀. Olùkọ́, tí kò tíì mọ irú ilé tó wọ̀, fi gègé pupa kọ ọ́ sí i: mẹ́ta nínú ogójì.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé Olùkọ́ lọ sí yàrá fáìlì àtijọ́ lábẹ́ àtẹ̀gùn, láti máa gbọn eruku. Ọ̀gá ní òun fúnra òun yóò máa kọ́ òṣìṣẹ́ ní èdè náà láti ìgbà náà lọ, torí gègé pupa kì í ṣe ohun tí à ń lò fún ènìyàn gidi.

Báyìí ni gbogbo ilé-iṣẹ́ ṣe ń kóra jọ sí yàrá ìpàdé lójoojúmọ́. Ọ̀gá á sọ gbólóhùn kan, ogójì ènìyàn á gbè é lẹ́yìn bí ọmọ jẹ́léósinmi. Ó lẹ ìkéde mọ́ ògiri pé, "Ẹnikẹ́ni tí ó bá rẹ́rìn-ín nígbà tí a bá ń fọ èdè ti kẹ́gàn ìmọ̀." Akọ̀wé ní ti tirẹ̀ á máa mi orí.

"Ọ̀gá, kí n sòótọ́, àwọn tó ni èdè kò lè fọ̀ ọ́ báyìí."

"O gbọ́ nǹkan," ni Ọ̀gá á dáhùn.

"Ẹ̀rù ń bà mí fún àlejò yẹn ni, Ọ̀gá. Ojú á tì í tó bá gbọ́ tiyín."

Ẹ jẹ́ kí n dá ọ̀rọ̀ dúró díẹ̀. Èmi náà ti kọ́ èdè ẹlẹ́dèé rí. Ọṣẹ ni mo fẹ́ rà, ìgbálẹ̀ ni wọ́n gbé fún mi, mo sì gbé e lọ sílé nítorí ìtìjú. Gbogbo ọmọ ilé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n mi ò ṣi ọṣẹ pè mọ́ láti ọjọ́ náà. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ èdè gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n fi òun rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá tiwa sì ti fi òfin dè é.

Obìnrin kan wà nínú ogójì tó ń gbè yìí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Páǹpù. Ọdún méjìlélógún ló ti ń ṣọ́ ilé páǹpù. Ó lè wà nínú ilé rẹ̀ lẹ́yìn ọgbà kí ó gbọ́ pé ẹ̀rọ kejì ń wúkọ́, á sì so ìró mọ́ra lọ wò ó. Láti ọjọ́ tí àpótí ti dé ló ti ń da ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kọ sínú ìwé kékeré, tó ń bi ẹni tó bá mọ̀ léèrè. Lọ́jọ́ kan ní kíláàsì, ó na ọwọ́ sókè.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Báwo la ṣe ń sọ ọ́ ní èdè wọn pé yanrìn wà nínú páìpù?"

Òótọ́ ni pé yanrìn wà nínú páìpù tó ń bọ̀ láti odò. Ìwé mẹ́rin ni Ìyá Páǹpù ti kọ lórí rẹ̀, pé tí wọn kò bá kó o kúrò, yóò ba ẹ̀rọ tuntun jẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀gá ṣí ìwé rẹ̀. Ó wo Ẹ̀kọ́ Kìíní, ó wo Ẹ̀kọ́ Kẹfà, ó yẹ ẹ̀yìn ìwé wò. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀.

"Yanrìn kò sí nínú ìwé," ni ó wí níkẹyìn. "Ohun tí kò bá sí nínú ìwé, àwọn ènìyàn yẹn kì í sọ ọ́. Ọmọlúàbí ni wọ́n."

"Ṣùgbọ́n, Ọ̀gá, ó wà nínú páìpù."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. A kò mọ ẹni náà títí dòní, ṣùgbọ́n Ìyá Páǹpù ló san án. Kí ọjọ́ tó rọ̀, lẹ́tà ti dé ọwọ́ rẹ̀: "Nítorí ìbéèrè tí kò bójú mu tí ó sì lè da ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ rú, a pa á láṣẹ pé bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé tí ó bá tẹ̀ lé ìbẹ̀wò àlejò, kí o fi ilé páǹpù sílẹ̀, kí o sì máa jókòó sẹ́nu géètì láti máa kọ orúkọ àwọn tó ń wọlé."

Ó dùn ún wọra. Ó wọ ilé páǹpù, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n jọ darúgbó, ó sunkún. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó lọ sí yàrá fáìlì lábẹ́ àtẹ̀gùn.

"Olùkọ́," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe ń sọ ọ́ pé yanrìn wà nínú páìpù?"

Olùkọ́ fi gègé pupa kọ ọ́ sẹ́yìn fáìlì kan. Ìyá Páǹpù pè é, ó ṣì í. Ó tún un pè, ó tún ṣì í síbòmíràn. Olùkọ́ rẹ́rìn-ín, Ìyá Páǹpù náà rẹ́rìn-ín, eruku fáìlì wọ̀ wọ́n nímú, wọ́n sín. Láti ọjọ́ náà, gbogbo àkókò oúnjẹ ọ̀sán ni ó ń lọ síbẹ̀.

Nígbà tí ìbẹ̀wò ku ọjọ́ méjì, ẹ̀rù ba Ọ̀gá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé àlejò náà ní ẹnu tirẹ̀, ó sì lè sọ ohun tó wù ú. Ẹlòmíràn ì bá lọ bẹ Olùkọ́. Ọ̀gá tiwa jókòó, ó ṣe òfin. Ó pè é ní Ìlànà Ìfọ̀rọ̀wérọ̀: kí àlejò kọ́kọ́ kí Ọ̀gá gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀kọ́ Kìíní, kí ó dúró gba ìdáhùn, kí ó má fo ẹ̀kọ́ kankan, tí ó bá ní ohun mìíràn láti sọ, kí ó fi pa mọ́ títí yóò fi dé ilé rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ fún àlejò ní hòtẹ́ẹ̀lì. Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, torí Ọ̀gá kò lè kọ ọ́ ní èdè kejì. Àlejò náà rò pé ìwé tí hòtẹ́ẹ̀lì fi ń gba orúkọ àlejò ni. Ó buwọ́ lù ú, ó dá a padà. Akọ̀wé sáré wá pẹ̀lú ayọ̀ pé àlejò ti fara mọ́ gbogbo rẹ̀.

Òfin kejì jẹ́ ti àwọn òṣìṣẹ́: Ọ̀gá nìkan ni yóò fọ èdè lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá la ẹnu rẹ̀ sọ ju "ẹ káàbọ̀" lọ, kí ó kó ẹrù rẹ̀ máa lọ sílé láìpadà wá mọ́.

Ọjọ́ pé. Mínísítà dé, àwọn oníròyìn dé, àwọn òṣìṣẹ́ tò. Ọ̀gá wọ kóòtù dúdú tó fún un lọ́rùn. Ẹnjiníà sọ̀ kalẹ̀, obìnrin gíga kan tó wọ bàtà iṣẹ́, kò sì kí ẹnikẹ́ni ní Ẹ̀kọ́ Kìíní. Ó kọjá lọ sí ẹnu páìpù tààrà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ dé ìgúnpá, ó sì bu yanrìn jáde ní ẹ̀kún ọwọ́.

"Ṣé ẹ ti fọ páìpù yìí bí a ṣe kọ ọ́ sí yín?" ni ó bi Ọ̀gá ní èdè rẹ̀.

Ọ̀gá wo ojú rẹ̀. Ó gbọ́ pé ìbéèrè ni. Àlejò, ìbéèrè, ohun tí wọ́n gbé síwájú ẹni: Ẹ̀kọ́ Kẹrin nìyí láìsí àní-àní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, tayọ̀tayọ̀," ni ó dáhùn, ohùn rẹ̀ sì dùn bí ti kásẹ́ẹ̀tì gan-an.

"Kí ló wí?" ni Mínísítà béèrè.

"Ọlọ́lá jùlọ, ó ní òun kò rí ọ́fíìsì tó mọ́ tó báyìí rí."

Ẹnjiníà na ọwọ́ yanrìn síwájú rẹ̀. "Kí wá ni èyí?"

"Ó dùn gan-an, ẹ ṣeun," ni Ọ̀gá wí.

"Ó dùn kẹ̀? Yanrìn?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bù sí i."

Ojú ẹnjiníà pọ́n kankan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kíákíá, ó ń na ìka sí páìpù, ó ń na ìka sí Ọ̀gá. Mínísítà fa ojú ro.

"Kí ló ń bí i nínú báyìí?"

"Inú kò bí i, Ọlọ́lá jùlọ. Bí wọ́n ṣe ń yin ènìyàn nìyẹn lọ́dọ̀ wọn. Ó ní irú mi ṣọ̀wọ́n. Ó ní kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbà mí lọ́wọ́ yín."

"Pẹ̀lú ariwo yẹn?"

"Ìyìn náà ló pọ̀."

Ẹnjiníà mí kanlẹ̀, ó wá sọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀. Ó ní tí wọ́n bá tan àwọn ẹ̀rọ yìí lórí yanrìn, wọn yóò bàjẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ní ìlú mìíràn ń dúró de irú rẹ̀, tí wọ́n sì ti fọ páìpù tiwọn. Ṣé kí òun máa kó àwọn ẹ̀rọ náà lọ fún wọn?

"Bẹ́ẹ̀ ni, tayọ̀tayọ̀," ni Ọ̀gá wí, ó tẹ orí ba. Nígbà tí ẹnjiníà gbé ìwé jáde, Ọ̀gá buwọ́ lù ú pẹ̀lú gègé oníwúrà, àwọn oníròyìn ya fọ́tò rẹ̀, ogójì òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Ẹnjiníà yíjú sí àwọn awakọ̀, ó na ọwọ́ sí àwọn àpótí pákó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e padà sínú ọkọ̀.

"Níbo ni wọ́n ń gbé e lọ?" ni Mínísítà béèrè.

"Wọ́n fẹ́ kó gba atẹ́gùn díẹ̀ ni."

Ìyá Páǹpù wà ní ìlà kẹta. Ó gbọ́ ohun tí ẹnjiníà wí, kì í ṣe gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ yanrìn, ó gbọ́ ìlú mìíràn, ó gbọ́ kó lọ. Tó bá dákẹ́, géètì ń dúró dè é lọ́jọ́ Ajé. Tó bá sọ̀rọ̀, kò ní rí géètì pàápàá. Àpótí kìíní ti wọ inú ọkọ̀ nígbà tí ó kúrò lórí ìlà.

"Ẹ jọ̀ọ́ o! Yanrìn wà nínú páìpù!" ni ó ké ní èdè àlejò. Ó ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, ó fi òmíràn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀ lọ. "Mo mọ̀. Mo ti kọ ìwé mẹ́rin. Èmi yóò fọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹ má lọ!"

Ẹnjiníà yíjú padà. Ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín nítorí bí ó ṣe to ọ̀rọ̀, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú gírígírí. Àwọn méjèèjì tẹ̀ ba ẹnu páìpù, wọ́n ń nàka, wọ́n ń da orí rú, wọ́n ń gbọ́ ara wọn.

"Obìnrin yìí ti ya wèrè!" ni Ọ̀gá kígbe. "Ẹ mú un jáde!"

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Mínísítà wí. "Ìyá, ẹ wá. Kí ni àlejò yìí ń sọ láti àárọ̀?"

Ìyá Páǹpù sọ ọ́. Kò fi iyọ̀ sí i, kò yọ nínú rẹ̀. Ó sọ ti yanrìn, ó sọ ti ìlú mìíràn, ó sọ pé Ọ̀gá ní yanrìn dùn, kí wọ́n tún bù sí i fún òun.

Mínísítà kò pariwo. Ó sún mọ́ Ọ̀gá, ó ní, "Ó dáa. Ẹ bá mi sọ gbólóhùn kan ṣoṣo fún un. Ẹ ní yanrìn wà nínú páìpù, a ó sì kó o kúrò."

Gbogbo ojú wà lára Ọ̀gá. Ó wo òkè bí ẹni pé ìwé lè já bọ́ láti ojú ọ̀run. Níkẹyìn ó gbé àyà sókè, ó sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn tó já gaara:

"Àǹtí mi ní agboòrùn aláwọ̀ búlúù."

Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ti kọ́ fún oṣù méjì kò ronú rárá. Wọ́n gbè é lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà: "Àǹtí mi ní agboòrùn aláwọ̀ búlúù!"

Ẹnjiníà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn awakọ̀ rẹ́rìn-ín. Ìlà kìíní rẹ́rìn-ín, ìlà kejì tẹ̀ lé e, ẹ̀rín oṣù méjì tí ìkéde ti dè mọ́lẹ̀ sì tú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Akọ̀wé, tó gbé báàgì Ọ̀gá lọ́wọ́, rọra gbé e kalẹ̀, ó sì lọ dúró lẹ́yìn Mínísítà.

Wọn kò tilẹ̀ fi àkókò ṣòfò kọ lẹ́tà tuntun. Lẹ́tà Ìyá Páǹpù ni wọ́n gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fa igi lé orúkọ rẹ̀, wọ́n kọ ti Ọ̀gá sí i. Gègé pupa Olùkọ́ ni wọ́n yá lò.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi fọ páìpù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹwàá, Ọ̀gá wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu géètì pẹ̀lú ìwé orúkọ lórí itan, nígbà tí ẹnjiníà gba ẹnu géètì wọlé láti wá tan ẹ̀rọ. Obìnrin náà kò bínú sí i mọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ọ̀gbẹ́ni, ṣé dáadáa lẹ wà?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, Ẹ̀kọ́ Kìíní nìyẹn! Kò dín, kò lé. Ọ̀gá fò dìde, ó tún kóòtù ṣe, ó pa ojú dé, ó bẹ̀rẹ̀. Ó ní dáadáa ni òun wà. Ó ní ojú ọjọ́ dára. Kò ṣi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pè. Nígbà tí ó fi dé orí agboòrùn àǹtí tó sì la ojú, ẹnjiníà ti wà nínú ilé páǹpù lọ́hùn-ún, òun àti Ìyá Páǹpù ń fi ọ̀rọ̀ kan tí ìyá náà tún ṣì pè rẹ́rìn-ín, ẹ̀rọ tuntun sì ń kùn. Ọ̀gá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó sì ka ẹ̀kọ́ náà parí fún géètì.